Ó ń fo okùn, ó ń ṣọ́ oúnjẹ jẹ, síbẹ̀ kò fọn: ohun tí mo fẹ́ kí òbí kọ́kọ́ ṣe

Ọmọ mi bọ́ yẹtí kúrò létí kó tó gun òṣùwọ̀n láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ọmọ ọdún 15 ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ló ti ń fo okùn nírọ̀lẹ́, kò fẹnu kan oúnjẹ àárọ̀ mọ́, oúnjẹ tó ń bù sínú abọ́ lálẹ́ ò sì tó ọmọ ọdún mẹ́ta jẹ. Kílò 74 ló wà lọ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀, 74 náà ni òṣùwọ̀n tún gbé jáde. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Màámi, kí ni mo ṣe fún ara mi tí kò fi gbọ́ tèmi?" Mo la ẹnu, mo ní àfàìmọ̀ kó máà jẹ́ pé ó ń jẹun ní kọ̀rọ̀. Kò dá mi lóhùn. Ó mú yẹtí rẹ̀, ó wọlé lọ.

Irú ọ̀rọ̀ tí mo sọ yẹn ni mo kọ́kọ́ bẹ̀ yín pé kí ẹ gbé mì. Bí ọmọ bá ń làkàkà tí ìwọ̀n rẹ̀ ò sì kúrò lójú kan, nǹkan kan ló fà á, ẹ̀yin òbí lẹ máa bá a wá a. Ẹ má fi ebi kún ebi, ẹ má sì fi ìtìjú kún ìtìjú. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kejì. Mo sì sọ fún gbogbo ará ilé pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ dárúkọ ikùn tàbí itan ẹnikẹ́ni mọ́. Àlejò pàápàá, mo máa ń rọra dá wọn lẹ́kun.

Ẹ wọn gíga rẹ̀

Ojú tí wọ́n fi ń wo ìwọ̀n àgbàlagbà kọ́ ni wọ́n fi ń wo ti ọmọ tó ṣì ń ga. Ẹ ní kó bọ́ bàtà, kó fẹ̀yìn ti ògiri, kí gìgísẹ̀ rẹ̀ kan ògiri dáadáa. Ẹ gbé ìwé líle kan lé e lórí kó tẹ́jú, ẹ fi pẹ́ńsù fàlà síbẹ̀, kí ẹ wá fi tépù wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀. Mítà 1.60 ni ọmọ mi nígbà yẹn. Nílé ìwòsàn, wọ́n máa ń fi ìwọ̀n wé gíga, BMI ni wọ́n ń pe iye tó bá jáde. Bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀ rèé: 1.60 lọ́nà 1.60 jẹ́ 2.56, tí ẹ bá fi pín kílò 74, ẹ ó rí nǹkan bíi 28.9. Ẹ jẹ́ ká wá sọ pé orí 74 yẹn náà ló dúró sí, àmọ́ tó ga dé 1.65. Iye yẹn á bọ́ sí nǹkan bíi 27.2. Lójú òṣùwọ̀n, kò sóhun tó yí padà, bẹ́ẹ̀ ara ọmọ ti ń dára sí i. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé, fún ọ̀pọ̀ ọmọ tó ṣì ń ga, ohun tí dókítà máa ń wá ni pé kí ìwọ̀n wọn má tún lọ sókè.

BMI 25 tàbí 30 tí wọ́n fi ń sọ pé àgbàlagbà ti sanra jù, ẹ má fi dá ọmọ lẹ́jọ́ o. Àtẹ tiwọn wà, tọkùnrin lọ́tọ̀, tobìnrin lọ́tọ̀, gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ orí. Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé èyí tó wà fún ọmọ ọdún 5 sí 19 jáde ní 2007. Ẹ ní kí nọ́ọ̀sì fi ibi tí ọmọ yín bọ́ sí hàn yín.

Ní ti òṣùwọ̀n, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì ti tó, láàárọ̀, lẹ́yìn tó bá ti tọ̀ tán. Omi inú ara nìkan lè mú kí ìwọ̀n lọ sókè sódò ní kílò kan tàbí méjì, pàápàá bí nǹkan oṣù bá kù sí dẹ̀dẹ̀, tàbí bí iṣan ara bá ń ro ó nítorí eré ìdárayá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Tépù tí télọ̀ fi ń wọn ara sàn ju òṣùwọ̀n lọ lójú tèmi. Ẹ wọn ìbàdí rẹ̀ lókè egungun ìdí. Ohun tí à ń wá ni pé kó má tó ìdajì gíga rẹ̀.

Ìwé kékeré méjì, ọ̀sẹ̀ méjì

Ìwé méjì ni mo rà, ọ̀kan tirẹ̀, ọ̀kan tèmi, torí mi ò fẹ́ kó dà bíi pé òun nìkan ni à ń ṣọ́. Àdéhùn wa ni pé ẹnikẹ́ni ò ní bínú sí ohun tó bá wà níbẹ̀. À ń kọ aago, ohun tí a jẹ, ohun tí a mu, bí ebi ṣe pa wá tó, ìgbà tí a sùn àti ìgbà tí a jí. Ojú ewé Wednesday kan nínú tirẹ̀ rèé:

"Àárọ̀, kò sí. Ọ̀sán, bísíkíìtì. 4:30, mo fo okùn, mo mu ẹlẹ́rìndòdò ìgò kan. 5:10, ìgò kejì, ó rẹ̀ mí. 9:40, búrẹ́dì. 11:15, búrẹ́dì, mi ò mọ iye tí mo jẹ."

Nígbà tí mo dé "mi ò mọ iye tí mo jẹ", omi lé sí mi lójú. Kì í ṣe pé ọmọ yìí ń tàn mí. Ebi ló ń pa á láti òwúrọ̀, ara tí wọ́n bá sì fi ebi pa láti òwúrọ̀ á gba gbèsè rẹ̀ lálẹ́. Ẹ tún wo ohun mímu yẹn. Nínú èyí tó jẹ́ mílílítà 330, nǹkan bíi gíráàmù 35 ni ṣúgà rẹ̀, ìyẹn á sún mọ́ ṣíbí tíì mẹ́sàn-án. Ìgò méjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dá gbogbo ohun tí ìdajì wákàtí okùn fífò mú kúrò padà, kò sì yó o, torí omi ṣúgà kì í yóni bí oúnjẹ. Oje èso inú páálí náà ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀.

Nǹkan kan ṣoṣo la kọ́kọ́ yí padà: omi rọ́pò ẹlẹ́rìndòdò, fún gbogbo ilé. Èmi gan-an ni mo ń rà á wálé tẹ́lẹ̀, mo sì ṣíwọ́. Nígbà tí ìyẹn mọ́ wa lára ni oúnjẹ àárọ̀ padà dé: ẹyin tàbí ẹ̀wà, àti èso kan. Ẹ jẹ́ kí ohun tó ń yóni pẹ́ wà nínú oúnjẹ àkọ́kọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, búrẹ́dì agogo mọ́kànlá alẹ́ ti dàwátì nínú ìwé rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀fọ́ wá gba ìdajì abọ́. Ẹ má gbé ìkòkò ọ̀tọ̀ kaná fún un. Ọmọ tó bá ń jẹ tirẹ̀ lọ́tọ̀ nígbà tí àwọn àbúrò rẹ̀ ń jẹ nǹkan míì, ìyà lẹ fi ń jẹ ẹ́, yóò sì wá ọ̀nà bọ́ níbẹ̀.

Oorun

Èyí ni mi ò rò tẹ́lẹ̀. Ìwé rẹ̀ fi hàn pé aago kan òru ló ń sùn, tí a sì ń jí i ní 5:30. Ọmọ ọdún 13 sí 18 nílò oorun wákàtí 8 sí 10. Bí oorun ò bá tó, họ́mónù tó ń mú ebi pa èèyàn á pọ̀ sí i, èyí tó ń sọ pé ó yó á sì dínkù. Oúnjẹ dídùn ni ọkàn á máa fà sí. Fóònù gbogbo wa ń sùn sí pálọ̀ báyìí, tèmi náà.

Ní ti eré ìdárayá, ọgọ́ta ìṣẹ́jú lójúmọ́ ni wọ́n là sílẹ̀ fún ọjọ́ orí wọn, kò sì pọn dandan kó jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Kó jẹ́ èyí tó bá fẹ́. Ọmọ mi kórìíra okùn yẹn láti ọjọ́ kìíní. Ijó ló yàn.

Nígbà tí ó bá di ti dókítà

Ẹ má dúró títí gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí á fi kùnà. Ibi àkọ́kọ́ tí a lọ, wọn ò wọn gíga rẹ̀, wọn ò béèrè nǹkan kan, "Kó dín oúnjẹ kù" ni wọ́n sọ. A wá ibòmíì lọ. Dókítà kejì ní kó gbé irun rẹ̀ sókè, ó wo ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀, ó wo abíyá. Ọrùn yẹn dúdú, ó sì nípọn. Láti ọdún tó ṣáájú ni mo ti ń fi kànrìnkàn bó o, mo ṣe bí ìdọ̀tí ni. Àmì ni, pé ara ò gbọ́ ti ínsúlíìnì, họ́mónù tó ń darí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, bó ṣe yẹ mọ́. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé ṣúgà rẹ̀ ti ju bó ṣe yẹ lọ, àmọ́ kò tíì di ìtọ̀ ṣúgà. Ọmọ tí mo fẹ̀sùn kàn rèé.

Ẹ sọ fún dókítà bí ọmọ bá ń sanra tí gíga rẹ̀ sì dúró, torí ọmọ tí oúnjẹ nìkan mú sanra sábà máa ń ga dáadáa. Ẹ sọ fún un bí òtútù bá ń mú un ju àwọn yòókù lọ, tó ń rẹ̀ ẹ́, tí ìgbẹ́ rẹ̀ sì ń le. Wọ́n á fẹ́ yẹ ẹṣẹ́ tàírọ́ìdì tó wà lọ́rùn wò. Ọmọbìnrin tó ti lé lọ́dún kan tó ti ń rí nǹkan oṣù, tí oṣù mẹ́ta wá kọjá tí kò rí i, tàbí tí irun ń hù lágbọ̀n rẹ̀, ó yẹ kí wọ́n yẹ òun náà wò. Bó bá ń hanrun lóru, ẹ sọ ọ́. Ẹ kó gbogbo oògùn tó ń lò dání, torí prednisolone àti àwọn kan lára oògùn wárápá àti ti ọpọlọ máa ń mú èèyàn sanra. Àmọ́ ẹ má dá oògùn kankan dúró fúnra yín. Ẹ mú ìwé kékeré yẹn náà lọ, kí ẹ sì jẹ́ kí ọmọ fẹnu ara rẹ̀ sọ tirẹ̀; ó lè ní ohun tí kò fẹ́ sọ lójú yín, ẹ jáde fún wọn.

Èyí tí kò gba ìdúró rèé. Bí ẹ bá rí oògùn ìgbẹ́ tàbí oògùn ìfọnra nínú báàgì rẹ̀, bó bá ń wọ ilé ìwẹ̀ ní kété tó bá jẹun tán bí ẹni tó fẹ́ lọ bì, bí òòyì bá ń kọ́ ọ tàbí tó dákú, bí kò bá bá ẹnikẹ́ni jókòó jẹun mọ́, bó bá sọ pé ayé ti sú òun, ẹ gbàgbé ọ̀rọ̀ ìwọ̀n pátápátá. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì jókòó tì í.