Kí Ẹ Tó Ní Lẹ́ǹsì Ti Kú: Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Ẹ̀rọ Síídì Tó Ń Fò

Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ síídì tí wọ́n ń gbé wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Mọ́kọ́lá, ẹni tó ni ín ti dájọ́ ikú fún un kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. "Lẹ́ǹsì ẹ̀ ló ti kú," bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń wí. Lẹ́ǹsì ni ojú kékeré tó ń tan iná sí àwo láti fi kà á. Bàbá mi tó kọ́ mi níṣẹ́ yìí ní Òkè-Àdó kì í gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Á bi í pé, "Ta ló yẹ̀ ẹ́ wò?" Ẹni náà á dákẹ́. Ìdọ̀tí, gírísì gbígbẹ àti bẹ́líìtì rọ́bà tó ti dẹ̀ ni mo sábà máa ń bá nínú wọn, ẹ sì lè fọwọ́ ara yín tún un ṣe nílé.

Ẹ má tíì tú nǹkan kan. Ẹ mú àwo kan tí ẹ mọ̀ pé ó ń kọ dáadáa níbòmíràn, kí ẹ fi sí i. Èyí tí ilé-iṣẹ́ tẹ̀ jáde ni kó jẹ́, kó má ṣe èyí tí wọ́n bá yín dà kọ ní Ògùnpa. Àwo tí a fi kọ̀ǹpútà dà kì í tàn tó ti ilé-iṣẹ́, ẹ̀rọ tó ti dàgbà kì í sì í lè rí i kà dáadáa. Tó bá sì jẹ́ MP3 ló wà lórí ẹ̀, ẹ̀rọ àtijọ́ tí wọn ò kọ MP3 sí lára kò ní kọ ọ́ rárá. Ìyẹn kì í ṣe àìsàn.

Tí ẹ bá ti ti àwo wọlé, ẹ fetí sílẹ̀. Lẹ́ǹsì á tan iná, á gòkè, á sọ̀kalẹ̀, á máa wá ibi tó ti máa rí àwo kedere. Lẹ́yìn náà ni àwo á bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ẹ̀rọ á sì ka iye orin tó wà níbẹ̀ lẹ́bàá ihò àárín. Tí àwo kò bá yí rárá, tó kàn ń sọ pé kò sí àwo nínú òun, lẹ́ǹsì kò ríran nìyẹn. Tó bá ń yí tìpátìkúùkù, tó ń dúró, tó tún ń lọ, ẹ fura sí mọ́tò kékeré tó ń yí i. Tó bá ka iye orin tán, tó wá ń fò lójú ọ̀nà, ó lè jẹ́ àwo, ó lè jẹ́ ìdọ̀tí, ó sì lè jẹ́ irin tí lẹ́ǹsì ń rìn lórí ẹ̀.

Ibi tó ti ń fò ṣe pàtàkì gan-an. Àwo ńlá ayé àwọn bàbá wa máa ń bẹ̀rẹ̀ láti etí wá sí àárín, ṣùgbọ́n àárín ni síídì ti ń bẹ̀rẹ̀ lọ sí etí. Nígbà tó bá wà ní àárín, ó ń yí bí ìgbà 500 ní ìṣẹ́jú kan. Tó bá dé etí, kò ju bí 200 lọ. Nítorí náà, ẹ̀rọ tó ń jà níbi orin àkọ́kọ́, tó wá ń kọ dáadáa níwájú, mọ́tò ni mo kọ́kọ́ máa ń wò. Èyí tó ń fò níbi orin tó gbẹ̀yìn lórí gbogbo àwo, irin ìrìn lẹ́ǹsì ni. Tó bá jẹ́ ojú kan náà lórí àwo kan ṣoṣo, àwo yẹn ni kí ẹ bá wí.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣọ́ ẹ̀yìn àwo tó ń dán, wọ́n sì ń gbé ojú tí wọ́n kọ orúkọ sí lélẹ̀ bó ṣe wù wọ́n. Ibi tí orin wà gan-an sún mọ́ ojú tí orúkọ wà, lábẹ́ ọ̀dà tín-ínrín lásán. Bí àwo ṣe nípọn tó 1.2 mm yẹn, ike ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, ẹ̀yìn tó ń dán yẹn ni ike náà sì wà. Ẹ gbé àwo sókè sí gílóòbù. Tí ẹ bá rí ihò iná wínniwínni bí ojú asẹ́, orin ibẹ̀ ti lọ, kò sí oògùn. Tó bá jẹ́ ìdọ̀tí tàbí epo ọwọ́, omi àti ọṣẹ díẹ̀ ti tó. Ẹ nù ún láti ihò àárín lọ tààrà sí etí. Ẹ má yí i po. Orin ń lọ yípo, tí ẹ bá ha á ní ìyípo, ibi tó gùn lẹ máa bà jẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Tí ẹ bá ha á lóròó, ẹ̀rọ lè fi ọgbọ́n orí ara rẹ̀ dí i.

Lásìkò òjò, tí ẹ bá gbé ẹ̀rọ kúrò nínú yàrá tútù bọ́ síta, ìrì lè sẹ̀ sójú lẹ́ǹsì. Ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí kan tàbí méjì kí ẹ tó dán an wò. Ní ti ọyẹ́, eruku pupa Ìbàdàn yìí kò sí ibi tí kì í wọ̀.

Ìyá kan gbé ẹ̀rọ rẹ̀ wá láti Bẹẹrẹ. Ọkọ rẹ̀ ló rà á, ọkọ náà sì ti dolóògbé. Ó wé e sínú gèlè. Mo ní, "Ẹ jókòó, mà, ẹ jẹ́ ká wo inú ẹ̀." Mo yọ wáyà kúrò lára iná, mo tú síkúrúù mẹ́fà tó wà lẹ́yìn àti lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo ṣí ọmọrí. Ẹyin ọmọ́nlé méjì ló lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ ibi tí àwo ń jókòó sí, wọ́n funfun báláú. Ibẹ̀ máa ń lọ́ wọ́rọ́wọ́rọ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fẹ́ràn rẹ̀. Ojú lẹ́ǹsì rí ràkọ̀ràkọ̀ bí ojú àtùpà tí èéfín ti bò.

Lẹ́ǹsì náà kò tó hóró àgbàdo. Wáyà tín-ínrín ló so ó rọ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń mì tí ẹ bá fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ẹ ra ọtí isopropyl tí àwọn atúnfóònùṣe ń lò. Sípíríìtì aláwọ̀ búlúù tí wọ́n fi ń nu egbò máa ń fi àbàwọ́n sílẹ̀, ohun tí wọ́n fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́ sì máa ń jẹ ike run. Ẹ mú òwú orí ọ̀pá tí a fi ń nu etí, kí ẹ rẹ ẹ́ díẹ̀, kó má kán tótó. Ẹ wá nù ún bí ẹni ń nu ipin ojú ọmọ ọwọ́: ẹ gbé e lé e, ẹ yí i díẹ̀, ẹ gbé e kúrò. Ẹ mú òwú mìíràn tó gbẹ, kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Tó bá ti mọ́, ẹ máa rí i tó ń dán bíi búlúù fẹ́rẹ́fẹ́. Tí iná bá wà lára ẹ̀rọ, ẹ má ṣe gbé ojú lé lẹ́ǹsì láti òkè rárá. Ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ hàn sí ojú wa, ṣùgbọ́n ó lè pa ojú lára.

Síkúrúù kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́ǹsì. Ẹ má fọwọ́ kàn án. Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún nígbà tí mo yí i lára ẹ̀rọ oníbàárà wa kan tó ń fò. Ó kọrin kíkankíkan, inú mi dùn, owó wọlé. Kò pé oṣù kan tí wọ́n fi gbé e padà, lẹ́ǹsì ti jó tán. Agbára ni síkúrúù yẹn ń fi kún un. Lẹ́ǹsì tó rẹ̀ ni mo lù kó sáré. Bàbá mi fi owó ara rẹ̀ ra òmíràn, kò bá mi wí níwájú oníbàárà. Ó ṣì ń dùn mí dòní.

Tí lẹ́ǹsì bá ti mọ́, ẹ fi ìka yí gíà kékeré tó ń tì í, kí ó rìn láti àárín dé etí. Ó yẹ kó máa yọ̀. Tí ó bá ń fà, gírísì ibẹ̀ ti dà bí oje igi. Ẹ fi òwú nu ti àtijọ́ kúrò, kí ẹ fi gírísì funfun tó kéré bí orí igi ìṣáná sí i. Òróró ẹ̀pà kọ́, ẹ́ńjìnnì ọ́ìlì kọ́.

Tí ibi tí àwo ń jókòó sí kò bá jáde mọ́, bẹ́líìtì rọ́bà tó ń fà á jáde ló ti dẹ̀. Ẹ lè sè é nínú omi gbígbóná fún ìṣẹ́jú díẹ̀, á sún kì, ṣùgbọ́n kò ní pẹ́ tó fi tún dẹ̀. Ẹ mú ti àtijọ́ dání lọ sí ọjà láti ra tuntun, kí tuntun kéré jù ú díẹ̀. Ẹ̀rọ tó bá ń kú nígbà tí iná bá rẹlẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wá stabilizer.

Tí gbogbo èyí kò bá mú un bọ̀, ìgbà yẹn ni lẹ́ǹsì lè ti parí iṣẹ́. Ẹ wo nọ́ńbà ara rẹ̀. KSS-213 wà nínú ẹ̀rọ tó pọ̀ gan-an. Ẹ ṣàkíyèsí tuntun náà dáadáa: wọ́n jó lẹ́ẹ̀dì (òjé tí a ń yọ́ láti fi so wáyà) bíńtín kan sí i kí iná díẹ̀ tó máa ń wà lára ọwọ́ èèyàn má bà á jẹ́ lọ́jà. Ẹ so wáyà pẹlẹbẹ mọ́ ọn tán kí ẹ tó fi irin ìjólẹ́ẹ̀dì yọ ẹ̀kán náà. Bí ẹ kò bá yọ ọ́, kò ní tan iná láéláé, ọ̀pọ̀ ló sì ti dá lẹ́ǹsì tó dára padà fún ẹni tó tà á nítorí ẹ̀.

Ti ìyá Bẹẹrẹ kò dé ibẹ̀. Mo nu ojú rẹ̀, mo fi gírísì sí irin, mo fi àwo sákárà tó mú wá sí i. Orin àkọ́kọ́ wọlé, ó ti dìde, ó fẹ́ wé gèlè. Mo ní kó dúró. Ibi orin tó kẹ́yìn ló máa ń fò tẹ́lẹ̀, orin àkọ́kọ́ kò sì lè jẹ́ ẹ̀rí fún wa. A jókòó, ọ̀rọ̀ kò sí láàárín wa, títí ó fi kan orin ìkẹyìn. Kò fò. Mo nawọ́ láti pa á.

"Ọmọ mi," ó ní, "fi í sílẹ̀, jẹ́ kó kọ ọ́ tán."