Bí A Ṣe Lè Fi Server Pamọ́ fún Àwọn Ẹ̀rọ Tó Ń Wá Ibi Tí Wọn Yóò Kọlù

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọlu server (kọ̀ǹpútà tó ń dá àwọn mìíràn lóhùn lórí íntánẹ́ẹ̀tì) kò mọ ẹni tó ni ín. Ètò kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń rán láti yẹ àwọn àdírẹ́sì wò, kí ó lè mọ èyí tó máa dáhùn. Láti ọdún 2013 tí ZMap, ètò kan tó ń yẹ àdírẹ́sì wò, ti jáde ni ó ti ṣeé ṣe láti yẹ port kan (ẹnu ọ̀nà tó ní nọ́ńbà, tí ètò kan ń gbà dáhùn) wò lórí gbogbo àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì irú ti IPv4 láàárín wákàtí kan.

Nítorí náà, ẹ ti gbogbo port pa nínú firewall (ètò tó ń pinnu ohun tó lè wọlé), kí ẹ ṣí kìkì èyí tí gbogbo ènìyàn nílò, bíi 443 tí ìkànnì ayélujára ń lò, àti ti SSH (ọ̀nà tí ẹ ń gbà wọ server láti òkèèrè) fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé WireGuard, ètò VPN tó ń ṣe ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ wọ server, sórí server náà, kí ẹ ṣí port tirẹ̀ nínú firewall, kí SSH àti database (ibi tí a ń kó dátà sí) máa dáhùn láti inú rẹ̀ nìkan. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nípa WireGuard ni pé kì í fèsì kankan fún ẹni tí kò ní kọ́kọ́rọ́ tó tọ́, nígbà tó jẹ́ pé bí ẹ bá kàn gbé SSH kúrò ní port 22 tó sábà máa ń lò, wọ́n á ṣì rí i. Ẹ kọ́kọ́ gba inú WireGuard wọlé kí ẹ tó ti SSH pa, kí ẹ má baà ti ara yín mọ́ta.

Níkẹyìn, ẹ fi nmap, ètò tó ń fi ipò àwọn port hàn, yẹ server náà wò láti orí íntánẹ́ẹ̀tì mìíràn. Bí ó bá kọ «filtered», ó sábà máa ń túmọ̀ sí pé kò sí èsì tó padà. Ṣùgbọ́n bí ó bá kọ «closed», server ṣì ń dáhùn, ẹ sì ní láti yí òfin firewall náà sí DROP, ìyẹn ni pé kí ó pa ohun tó wọlé tì láìfèsì.