Ihò kan ṣoṣo ló jẹ owó férémù kẹ̀kẹ́ mi

Náírà 35,000 ni mo kọ sínú ìwé pé férémù yìí máa ná mi. Nígbà tí mo ṣírò gbogbo rẹ̀ tán, ó ti di 118,000, mi ò sì tíì ka owó ọkọ̀ tí mo fi ń lọ tí mo fi ń bọ̀ láàárín Panṣẹ́kẹ́ àti Láfẹ́ńwá ní Abẹ́òkúta. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Kì í ṣe irin ló gbowó náà, kì í sì í ṣe ẹ̀yìn férémù tí gbogbo èèyàn ń bú. Ihò kan báyìí níbi tí pẹ́dà ti ń yí ni, ihò tí ẹyin adìyẹ ò lè gbà kọjá, òun ló jẹ ohun tó ju ìdajì owó náà lọ.

Kẹ̀kẹ́ ológeere ni mò ń sọ o, kì í ṣe Màrúwá. Eré kan wà tí wọ́n ń pè ní trials. Èèyàn á gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ gun àpáta, á fò ó lé ògiri, á gbà á lórí igi tó wó, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò sì gbọdọ̀ kan ilẹ̀. Ní Katalóníà, ní ilẹ̀ Sípéènì, Pere Pi tó ń gun alùpùpù Montesa ṣe irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ rẹ̀, Ot Pi, ọmọ náà sì dàgbà di ọ̀gá lágbàáyé nínú eré náà. Ní tèmi, fídíò Danny MacAskill, ọmọ Skọ́tílándì kan tó ń fi kẹ̀kẹ́ dárà, ni mo kọ́kọ́ rí, èyí tó jáde lóṣù kẹrin ọdún 2009, níbi tó ti gun kẹ̀kẹ́ lórí ọgbà onírin ṣóńṣó ní ìlú Edinburgh. Mo wo ẹ̀yìn ilé wa ní Ìkìjà, àpáta ni láti ògiri wa títí dé òkè. Mo ní, ta ló tún yẹ kó máa ṣe eré yìí bí kò ṣe àwa tá a fi abẹ́ òkúta ṣe ilé?

Kò sẹ́ni tó ń ta irú kẹ̀kẹ́ náà níbí, owó tí wọ́n sì ń bù lé e lókè òkun, owó oṣù tíṣà ò lè gbé e. Mo bá jókòó, mo ya tèmi.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí mo ṣe yà á, torí ibẹ̀ ni ẹnu ti bẹ̀rẹ̀. Férémù tí gbogbo wa mọ̀, igun mẹ́ta méjì ló so pọ̀, pẹ̀lú òpó ìjókòó láàárín. Mo yọ gbogbo ìyẹn kúrò. Irin onígun mẹ́rin kan ṣoṣo, ínǹṣì 2 sí ínǹṣì 1, tó nípọn mìlímítà 2, ni mo fi ṣe eegun ẹ̀yìn rẹ̀. Ó gbéra láti ọrùn fọ́ọ̀kì, ó lọ tààrà sẹ́yìn, ó là sí méjì lókè ṣéènì, ó wá sọ̀ kalẹ̀ lọ mú áásì (ọ̀pá àárín) táyà ẹ̀yìn. Kò sí òpó ìjókòó, kò sí ìjókòó rárá. Ilé pẹ́dà, ìyẹn páìpù tí áásì pẹ́dà ń yí nínú rẹ̀, so rọ̀ lábẹ́ irin náà bí agogo. Nípa bẹ́ẹ̀, ṣéènì ò gba àárín irin kankan kọjá, òkúta ò sì rí nǹkan gbá lábẹ́ kẹ̀kẹ́ ju ilé pẹ́dà nìkan lọ.

Nínú kẹ̀kẹ́ tá a fi ń lọ ọjà, ilé pẹ́dà máa ń rẹlẹ̀ ju áásì táyà lọ. Nínú tèmi, ó fi sẹ̀ǹtímítà 6 ga jù ú lọ. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn nínú eré yìí, torí orí ìdúró lèèyàn ń wà, ó sì máa ń rọrùn láti fi táyà ẹ̀yìn fò nígbà tí ẹsẹ̀ bá ga. Láti áásì pẹ́dà dé áásì ẹ̀yìn jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 35 péré, kí iwájú lè tètè gbéra. Láti áásì iwájú dé ti ẹ̀yìn jẹ́ 101. Táyà ínǹṣì 20 ni mo lò, mo tú u lára kẹ̀kẹ́ ọmọdé kan tí ẹ̀gbọ́n mi kó fún mi.

Gbogbo ẹni tó rí àwòrán náà ló ní nǹkan sọ. Ọ̀gá jórinjórin tó wà nítòsí ilé ìwé wa yí bébà náà sókè, ó yí i sódì, ó ní, “Tíṣà, níbo lẹ máa wá jókòó sí?” Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, mi ò ní jókòó.” Ó mi orí. Àǹtí mi tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú ní ó dà bíi tata tó fẹ́ fò. Inú mi dùn sí ìyẹn ju bí àwọn tó kù ṣe rò lọ, torí tata gan-an ni mo ń lé. Mẹkáníìkì ọ̀kadà kan ní Kútọ̀ nìkan ló sọ̀rọ̀ tó kún fún ọgbọ́n. Ó fi ìka sí ọrùn fọ́ọ̀kì, ó ní, “Ibí ló máa là. Ẹ fi pátá sí i lókè àti nísàlẹ̀.” Irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ń jó mọ́ ojú ìsopọ̀ kó lè lágbára ló ń pè ní pátá. Mo gbọ́, mo fi í sí i nísàlẹ̀ nìkan. Màá padà síbẹ̀.

Ẹ wá kíyè sí i pé nínú gbogbo wọn, kò sẹ́nì kan tó mẹ́nu kan ihò pẹ́dà. Èmi náà ò ronú kàn án.

Gígé irin, wíwọ̀n ọrùn kó dúró ní dígírì 73, títo táyà méjèèjì kí wọ́n lè tẹ̀ lé ara wọn, mi ò ní fi ìyẹn dá yín dúró. Ẹni tó bá ti ṣe géètì tó dúró gígùn rí lè ṣe é. Ọjọ́ Sátidé méjì ló gbà wá.

Ilé pẹ́dà ló kù. Páìpù kúkúrú ni, tẹ́ẹ̀dì, ìyẹn ìlà roboto bíi ti inú nọ́ọ̀tì, wà nínú rẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì, kọ́ọ̀pù kọ̀ọ̀kan ló ń wọ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, bẹ́ríǹ á wá máa yí nínú wọn. Mo ti ní kọ́ọ̀pù, áásì àti apá pẹ́dà tó dáa, mo tú wọn lára kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ kan. Ṣùgbọ́n àlùmíníọ̀mù ni férémù tòkunbọ̀ náà, irin ni tèmi, àwọn méjèèjì ò sì ṣeé jó pọ̀. Mo ní láti wá ilé pẹ́dà onírin.

Bàbá oníkẹ̀kẹ́ kan ní Láfẹ́ńwá ní férémù Raleigh àtijọ́ kan lẹ́yìn ìsọ̀ wọn, irú èyí tí àwọn bàbá wa ń gùn lọ oko. Wọ́n gé ilé pẹ́dà rẹ̀ fún mi ní náírà 6,000. Irin gidi ni, ó tẹ̀wọ̀n lọ́wọ́. Mo délé, mo wa kọ́ọ̀pù sí i, ó yí lẹ́ẹ̀mejì, ó dúró. Mo fi gíríìsì sí i, ó dúró. Mo fi sípánà ńlá lé e, mo gbọ́ tí nǹkan ké kẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo máa yọ ọ́, tẹ́ẹ̀dì kọ́ọ̀pù ti bó.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi rò pé ìpẹtà ló fà á, tí mò ń fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ̀ ọ́ bí ìkòkò. Lọ́jọ́ kẹrin, mo mú ọṣẹ ìfọṣọ, mo yí kọ́ọ̀pù tó kù lé e lórí, mo tẹ̀ ẹ́ kí tẹ́ẹ̀dì lè fi ara hàn. Mo gbé rúlà lé e, mo ka ìlà tó wà láàárín ìdajì ínǹṣì: 12. Mo gé ọṣẹ tẹ́ẹ́rẹ́, mo tì í bọ inú ilé pẹ́dà, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara rẹ̀, mo yọ ọ́, mo kà á: 13. Mo tún un kà lẹ́ẹ̀mẹta. Raleigh ayé ọjọ́un ní tẹ́ẹ̀dì tirẹ̀, 26 sí ínǹṣì kan, ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ òde òní sì jẹ́ 24. Fífẹ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ìdí nìyẹn tí ó fi máa gbà ọ́ wọlé díẹ̀ kó tó dì pa. Ọṣẹ náà ṣì wà lórí fèrèsé mi, mi ò jẹ́ kí wọ́n fi fọṣọ.

Mo wá gba ọ̀dọ̀ tọ́nà, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin, lọ kí wọ́n gbẹ́ tuntun fún mi. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú bébà: gígùn mìlímítà 68, tẹ́ẹ̀dì 24 sí ínǹṣì kan, ẹ̀gbẹ́ òsì kó yí bí gbogbo nọ́ọ̀tì ṣe ń yí, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún kó yí sódì. Mo fa ìlà pupa sábẹ́ “sódì”. Àgbàlagbà ni tọ́nà náà. Wọ́n wo bébà, wọ́n wò mí.

“Ọmọ mi, mo ti ń gbẹ́ irin kí wọ́n tó bí ẹ. Tẹ́ẹ̀dì méjì kì í kọ ẹ̀yìn síra wọn nínú páìpù kan.”

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, bó ṣe máa ń rí nínú kẹ̀kẹ́ nìyẹn.”

“Ó ti yé mi. Padà wá lọ́la.”

Ọ̀la di ọjọ́ mẹ́sàn-án, torí kò síná, jẹnẹrétọ̀ wọn ò sì lè gbé ẹ̀rọ náà. Nígbà tí mo gbà á, mo san 22,000, mo délé, ẹ̀gbẹ́ òsì wọlé bí ìgbà téèyàn ń dé ìgò. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ò wọlé rárá. Wọ́n ti gbẹ́ méjèèjì sọ́nà kan náà. Mi ò sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà.

Lọ́jọ́ kejì, mo tú pẹ́dà òsì kẹ̀kẹ́ ọmọdé ẹ̀gbọ́n mi, mo gbé e lọ bá wọn. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn, mo ní, “Bàbá, ẹ bá mi wo tẹ́ẹ̀dì eléyìí.” Wọ́n mú nọ́ọ̀tì, wọ́n yí i lọ, wọ́n yí i bọ̀. Wọ́n dákẹ́. Wọ́n ní, “Hẹ̀n-ẹ́n.” Mo ṣàlàyé pé bí áásì ṣe ń yí ni bẹ́ríǹ ń yí kọ́ọ̀pù díẹ̀díẹ̀ sí òdìkejì, àti pé bí tẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ò bá yí sódì, ẹsẹ̀ ẹni tó ń gùn ún ló máa tú u fúnra rẹ̀. Wọ́n gbẹ́ òmíràn, wọn ò gba owó iṣẹ́, owó irin nìkan ni mo san, 9,000. Kí n má parọ́, iṣẹ́ náà dán, mo fi ìka yí kọ́ọ̀pù wọlé láìlo sípánà.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Mo gbé e fún ọ̀gá jórinjórin, mo lọ kọ́ ọmọ ilé ìwé. Kí n tó dé, ó ti jó o yíká lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà tó ń jó ẹsẹ̀ géètì. Iná ti fa ihò náà. Mo fi kálípà wọ̀n ọ́n, ọ̀nà kan fi bí ìdajì mìlímítà ju ọ̀nà kejì lọ. Kọ́ọ̀pù tó wọlé fún ìka mi láàárọ̀ ò gbà fún sípánà lálẹ́. Mo jókòó lórí táyà àlòkù níwájú ìsọ̀ rẹ̀, mi ò lè sọ̀rọ̀. Ẹ̀bi mi ló pọ̀ jù níbẹ̀, mi ò kìlọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ó dùn mí wọra.

Ẹ̀kẹta jẹ́ 26,000, torí tọ́nà gba owó iṣẹ́ pé lọ́tẹ̀ yìí. Mi ò gbé e súnmọ́ ẹ̀rọ oníná mọ́. Mo ra kọ́ọ̀pù àlòkù méjì, mo wà wọ́n bọ inú rẹ̀ kí ihò má bàa fún, mo gbé e lọ bá panẹbítà kan tó ń fi gáàsì kábáìdì jó irin ní Àdátán. Idẹ ló fi lẹ̀ ẹ́. Idẹ máa ń yọ́ nígbà tí irin ò tíì múra àtiyọ́, nítorí náà ooru ò pọ̀ tó èyí tó máa fa ihò náà. Ó lẹ òkè díẹ̀, ó lẹ ìsàlẹ̀ díẹ̀, ó lẹ ọ̀tún, ó lẹ òsì, a ń dúró láàárín. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ gbé omi wá, mo pariwo mọ́ ọn kó gbé e padà. Wákàtí kan àbọ̀ la fi dúró kó tútù fúnra rẹ̀. Mo wá mú kọ́ọ̀pù, mo yí i. Ó jáde. Panẹbítà gba 8,000, mo fún ọmọ iṣẹ́ náà ní 1,000 nítorí ariwo tí mo pa mọ́ ọn.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gùn ún lórí àpáta ẹ̀yìn ilé, àwọn ọmọ àdúgbò ló kún ẹ̀gbẹ́ ògiri. Mo ti yọ́ kóótà tí wọ́n fi ń da títì sára ríìmù ẹ̀yìn, bí àwọn eléré yìí ṣe máa ń ṣe, kí búréèkì lè di í mú. Ó ké, ó sì dì í gírí. Mo fi táyà ẹ̀yìn dúró, mo fò lẹ́ẹ̀kan, mo fò lẹ́ẹ̀kejì, mo bọ́ sórí òkúta tó ga dé orúnkún mi. Ariwo tí àwọn ọmọ náà pa, mo ṣì ń gbọ́ ọ. Irin ẹ̀yìn kan ṣoṣo yẹn gbé mi, kò tẹ̀.

Ilé pẹ́dà tó so rọ̀ máa ń fì díẹ̀ tí mo bá ta pẹ́dà tagbáratagbára, ṣéènì sì ti fo lẹ́ẹ̀mejì. Mo ti fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tì í láti ẹ̀yìn, ó sì dáwọ́ dúró. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo rí ìlà kan bí irun lára ọ̀dà, lókè ọrùn fọ́ọ̀kì, níbi tí mi ò fi pátá sí. Mo gbé e lọ bá mẹkáníìkì ọ̀kadà náà ní Kútọ̀, mo dọ̀bálẹ̀ fún un. Ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n ó rí i ṣáájú mi.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe tirẹ̀, kó ra kọ́ọ̀pù àti ilé pẹ́dà pọ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan náà, kó wà wọ́n pọ̀ níbẹ̀ kó tó sanwó. Kó má jẹ́ kí wọ́n jó ibẹ̀ lẹ́yìn òun. Ìyókù, kó ṣe é bó ṣe fẹ́.

Ohun tó tún wá bí mi nínú jù lọ ni èyí tí mo rí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Férémù kẹ̀kẹ́ ọmọdé tí mo tú táyà rẹ̀, tí mo tú pẹ́dà rẹ̀ lọ fi han tọ́nà, ti wà lórí ìṣó lẹ́yìn ilé láti ìbẹ̀rẹ̀. Irin ni. Ilé pẹ́dà rẹ̀ jẹ́ ihò ńlá kan tí kò ní tẹ́ẹ̀dì kankan, àfi kéèyàn fi òòlù gbá kọ́ọ̀pù wọlé. Ẹnì kan ti sọ fún mi níbẹ̀rẹ̀ pé ohun ọmọdé ni, apá pẹ́dà rẹ̀ á tẹ̀, mo sì gbà. Mo ti gé e báyìí fún férémù kejì. Lánàá, mo jó o mọ́ irin ẹ̀yìn tuntun pẹ̀lú ẹ̀rọ oníná lásán, mo jẹ́ kó tútù, mo gbé kọ́ọ̀pù sí i. Òòlù mẹ́rin péré, ó ti wọlé.