Ẹgbẹ́ Àwọn Bàbá fún Ọgọ́rin Ọdún Màmá Mi: Ohun Tí Ojú Mi Rí Lọ́wọ́ Onísáùǹdì

Ẹgbẹ̀rún lọ́nà 120 náírà ni mo fi háyà sáùǹdì fún ọjọ́ ìbí màmá mi ní Ìkòròdú. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, owó náà ti di ẹgbẹ̀rún lọ́nà 195. Orin tó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ ní aago méjì ọ̀sán kò bẹ̀rẹ̀ títí aago márùn-ún fi ku ogún ìṣẹ́jú. Bí mo ṣe ń kọ èyí, inú ṣì ń bí mi.

Màmá ló ní òun ò fẹ́ DJ. Ó ní orin tí òun jó nígbà ọmọge lòun fẹ́, kí wọ́n sì fi ọwọ́ lù ú, kí wọ́n fi ẹnu fọn ọ́. Ọmọ Ìkòròdú ni Màmá, ó sì máa ń fi Bobby Benson, olórin háíláìfù, yangàn, nítorí ìlú wa níbí ni wọ́n ti bí i ní 1922. Nínú ẹgbẹ́ Bobby Benson ni Victor Olaiya ti fọn tọ́ḿpẹ́ẹ̀tì kó tó dá Cool Cats tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1954. Bí Màmá bá ń já ẹ̀fọ́, orúkọ wọn ló máa ń wà lẹ́nu rẹ̀, á tún fi Roy Chicago tó kó gángan wọ inú háíláìfù kún un.

Rírí àwọn bàbá tó ṣì ń ṣeré háíláìfù kò le. Ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa mọ̀ wọ́n. Àwọn mẹ́sàn-án ni, èyí tó kéré jù nínú wọn ti lé ní ọgọ́ta ọdún dáadáa. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà 280 ni wọ́n gbà, ìdánrawò méjì sì wà nínú rẹ̀. Kò sí àríyànjiyàn kankan.

Mo lọ sí ìdánrawò kejì ní Sábó. Bàbá tó ń fọn tọ́ḿpẹ́ẹ̀tì yọ bọ́tìnnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi áńkáṣíìfù nù wọ́n, ó kán òróró díẹ̀ sí wọn, ó dá wọn padà, ó wá ń tẹ̀ wọ́n títí tí wọn ò fi dún mọ́. Ó sọ fún mi pé eyín iwájú òun lókè kì í ṣe tòun mọ́, òun tún ẹnu kọ́ ni. Ó ní, "Ọmọ mi, ètè ló ń fọn fèrè, àmọ́ eyín ló ń gbé ètè ró." Nítorí náà, bó bá ti fọn orin mẹ́ta, jìtá á gba orin kan kó lè sinmi. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún níbẹ̀.

Aṣọ, oúnjẹ àti kánópì, ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ìyẹn.

Onísáùǹdì ni ẹ jẹ́ kí n sọ. Lórí fóònù, mo sọ fún un pé ẹgbẹ́ tó ń lu ìlù lójú agbo ni mo ní. Ó ní, "Àǹtí, kò sí wàhálà, gbogbo ẹ̀ ló pé." Aago kan kọjá kó tó dé. Míkísà tó gbé wá, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń pa ohùn gbogbo pọ̀, ihò wáyà mẹ́fà ló ní, ọ̀kan kò sì ṣiṣẹ́. Àwọn bàbá mẹ́sàn-án, pẹ̀lú jìtá mẹ́ta, fèrè méjì, kóńgà, gángan, dúrọ́ọ̀mù àti àwọn tó ń kọrin! Kíbọ́ọ̀dù kan àti màíkì méjì ni òun mọ̀ sí ẹgbẹ́.

Ó fa wáyà jìtá béèsì bọ inú sípíkà ńlá tí ohùn gbogbo ń gbà jáde. Bí bàbá tó ń ta béèsì ṣe tẹ okùn àkọ́kọ́, sípíkà gbọ̀n rìrì. Bàbá gbé ọwọ́ kúrò kíá. Ó ní bí òun bá tún tẹ̀ ẹ́, sípíkà máa bàjẹ́. Ọmọ onísáùǹdì náà dá a lóhùn pé, "Bàbá, ẹ kàn máa tẹ̀ ẹ́." Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti wà lórí okùn jìtá fún àádọ́ta ọdún ló ń dá lóhùn bẹ́ẹ̀! Ó tún ki éékò bọ tọ́ḿpẹ́ẹ̀tì, ohùn bá ń lé ara wọn kiri. Ó sún màíkì síwájú, sípíkà ké "híìì", àwọn ọmọdé di etí.

Bí a ṣe ránṣẹ́ sí àdúgbò Ágíríìkì nìyẹn, láti lọ háyà sípíkà béèsì ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà 45, míkísà míì ní ogún, ọkọ̀ sì gba mẹ́wàá. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ mú wọn sọ́nà. Àwọn bàbá jókòó nínú agbádá wọn nínú ooru, wọn ò bínú sí mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Màmá jáde wá bèèrè. Àwọn àlejò míì jẹun tán, wọ́n lọ. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn, pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kan lọ láìgbọ́ orin tí wọ́n tìtorí ẹ̀ wá.

Nígbà tó wá bẹ̀rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́. Tọ́ḿpẹ́ẹ̀tì gbé e, gángan dá a lóhùn, béèsì wọ inú ilẹ̀. Màmá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ oníkóńgà, ó ń gbe orin kí àwọn elégbè tó gbe é. Mi ò mọ̀ pé ó mọ gbogbo ọ̀rọ̀ orin wọ̀nyẹn.

Bí mo bá tún ṣe é, àárọ̀ ni onísáùǹdì máa dé, màá sì ka ihò míkísà lójú ara mi kí n tó san kọ́bọ̀. Àga tí kò ní apá ni màá wá fún àwọn oníjìtá, nítorí apá àga ń dí ìgbọ̀nwọ́ wọn lọ́wọ́. Oúnjẹ wúwo kò gbọdọ̀ kan afọnfèrè kó tó fọn tán.

Nígbà tí mo ń sin wọ́n lọ sídìí ọkọ̀, bàbá olórí ẹgbẹ́ yọ ìwé kan nínú àpò agbádá rẹ̀, ó ní tẹ́lẹ̀ òun máa ń fún ẹni tó bá háyà àwọn, àmọ́ ẹnikẹ́ni kì í bèèrè mọ́. Gbogbo ohun tí ẹgbẹ́ nílò wà níbẹ̀ pẹ̀lú bírò búlúù, láti nọ́ńbà 1 dé 12. Ó wà nínú báàgì mi báyìí. Nọ́ńbà 1: tọ́ḿpẹ́ẹ̀tì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi éékò sí i.