Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ tẹ́ẹ bá fẹ́ ran ogúnléndé lọ́wọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́

Inú máa ń bí mi tí mo bá rí owó tí ìjọ tàbí ẹgbẹ́ àdúgbò tu jọ tó wá lọ sórí ohun tí ò wúlò fẹ́nì kankan. Àwọn tí mò ń sọ ni àwọn ará Kamẹrúùnù tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ti ń sá wọ Nàìjíríà láti 2017 tí nǹkan ti dogun lọ́dọ̀ wọn. Ìpínlẹ̀ Cross River, Benue àti Taraba ni wọ́n pọ̀ sí, àmọ́ àwọn kan ti rìn dé ọ̀dọ̀ wa.

1. Ẹ má fún ejẹ́ǹtì kankan lówó torí kí wọ́n lè forúkọ sílẹ̀ bí ogúnléndé. Ọ̀fẹ́ ni UNHCR, àjọ àgbáyé tó ń rí sọ́rọ̀ ogúnléndé, ń ṣe é.

2. Ẹ má gba ìwé wọn pa mọ́ kó má baà sọnù. Ìwé wọn, ọwọ́ wọn ni kó wà.

3. Èyí ló ń dùn mí jù, kẹ́ẹ máa ra nǹkan fún èèyàn láìbi í. Obìnrin kan wá láti Bamenda ní Kamẹrúùnù tòun tàwọn ọmọ, wọ́n dáwó, wọ́n ra máṣìnnì ìránṣọ tuntun fún un, kò sẹ́ni tó bi í pé kí lò ń ṣe nílé. Ẹja yíyan niṣẹ́ ẹ̀! Kódà kó mọ aṣọ rán, ṣé ẹgbẹ́ télọ̀ máa kàn wò ó kó ṣí ṣọ́ọ̀bù ni, wọ́n máa béèrè ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́, wọ́n máa béèrè fírídọ̀ọ̀mù, wọ́n máa béèrè owó ẹgbẹ́. Bí máṣìnnì ṣe wà lábẹ́ àtẹ̀gùn nìyẹn, ọ̀rá ò kúrò lára ẹ̀. Mo mú obìnrin náà lọ bá màmá ẹlẹ́ja kan ní ọjà Jagun, Pìjín làwọn méjèèjì fi ń sọ̀rọ̀. Obìnrin yẹn mú ẹja àrọ̀ kan, ó ká a, ó ti ìrù ẹ̀ bọ ẹnu, ó fi igi ọwọ̀ gún un pọ̀, kíá. Màmá wo ọwọ́ ẹ̀, ó sì sún bẹ́ǹṣì ẹ̀ sẹ́yìn kó ráàyè jókòó. Àmọ́ kí wọ́n tó lè gbé ọjà àwìn fún un, wọ́n ní ta ló máa dúró fún un? Mo ní èmi ni. Onídùúró ni ò ní látọjọ́ yìí, kì í ṣe máṣìnnì.

Ẹ bi àwọn àgbà wa. November 1969, ìjọba Busia ní Gánà fún àwọn àjèjì tí ò níwèé ní ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n kúrò níbẹ̀, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó fi ṣọ́ọ̀bù àti ọjà sílẹ̀ ò lóǹkà. Àmọ́ wọ́n ní agboolé tí wọ́n padà sí, ẹ̀gbọ́n wà, àbúrò wà. Ẹni tó wá láti Bamenda ò ní agboolé níbí, ẹ̀yin lẹ máa ṣe é fún un.

Bẹ́ẹ̀ náà lọ̀rọ̀ ilé rí. Ẹ yé lọ gba ilé sí ìta ìlú torí pé ó wọ́n díẹ̀ nígboro, kẹ́ẹ wá kó ìdílé mẹ́ta-mẹ́rin pọ̀ síbẹ̀. Àwọn ọmọ ò ní gbọ́ Yorùbá, ìyá ò ní rẹ́ni bá kí. Yàrá kan láàárín àwọn èèyàn sàn jù, kẹ́ẹ sì bá a dé ọ̀dọ̀ láńlọ́ọ̀dù fúnra yín.

Fọ́tò ńkọ́? Ẹni tó sá fún àwọn tó fẹ́ pa á, ẹ gbé ojú ẹ̀ sórí Facebook, ẹ tún kọ orúkọ àdúgbò sí i, bẹ́ẹ̀ ẹbí ẹ̀ ṣì wà nílé lọ́hùn-ún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é mọ́.

Ẹ má fi ọmọ ṣe ògbifọ̀ fún ìyá ẹ̀ ní ọsibítù.

Iléèwé: òfin UBE ti 2004, ìyẹn òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ, ní ọ̀fẹ́ ni títí dé JSS 3, kí wọ́n má lé ọmọ kankan padà. Àmọ́ ẹ ṣọ́ orúkọ. Mo mọ tísà kan tó ní orúkọ bàbá ọmọ ṣòro pè, ó fi èyí tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn rọ́pò ẹ̀, ìgbà tí ìdánwò dé, orúkọ ò bá ìwé mu, ó di pé ká máa sáré lọ kóòtù lọ búra. Lọ́jọ́ ìforúkọsílẹ̀, ẹ bá wọn lọ, ẹ mú ìwé ọmọ dání, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ kí wọ́n tó pa rẹ́jísítà dé.