Bí A Ṣe Ń Rìnrìn Àjò Dé Lamalera, Abúlé Àwọn Apẹja Àbùùbùtán ní Erékùṣù Lembata

Lamalera wà ní etíkun gúúsù erékùṣù Lembata, ní ìlà-oòrùn erékùṣù Flores, ní ìpínlẹ̀ Nusa Tenggara Timur ní orílẹ̀-èdè Indonesia. Orí òkúta ni abúlé náà jókòó lé, apá kan lókè, apá kejì nísàlẹ̀ létí omi, ilẹ̀ rẹ̀ kò sì gba àgbàdo tàbí ẹ̀gẹ́ bó ṣe yẹ. Òkun ni oko wọn. Kí ẹni tó bá fẹ́ lọ síbẹ̀ mú ọ̀rọ̀ yìí dání láti ilé, nítorí òun ni yóò sọ oṣù tó dára láti lọ, ọjọ́ tó dára láti débẹ̀, àti ìwà tó yẹ àlejò.

Oṣù ni kí ẹ kọ́kọ́ mú. Sáà ìpẹja ńlá, tí wọ́n ń pè ní lefa, bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Karùn-ún, ó sì ń lọ títí di oṣù Kẹwàá. Kátólíìkì ni àwọn ará Lamalera; ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Karùn-ún, wọ́n máa ń ṣe Máàsì ní etíkun kí ọkọ̀ tó wọ omi, wọ́n a sì gbàdúrà fún àwọn tí òkun ti gbé lọ. Bí ẹ bá lè débẹ̀ ṣáájú ọjọ́ náà, ẹ ó rí ohun tí ẹ kò lè rí ní oṣù mìíràn. Ẹ má lọ ní oṣù Kìíní tàbí Kejì, nítorí ìjì àti ìgbì kì í jẹ́ kí ọkọ̀ rìn dáadáa ní àgbègbè náà.

Ọ̀rọ̀ físà ló kàn. Ilé-iṣẹ́ aṣojú Indonesia wà ní Abuja, ibẹ̀ sì ni kí ẹni tó ń gbé Nàìjíríà ti béèrè ohun tí òfin wí, kó tó ná kọ́bọ̀ kan lórí tíkẹ́ẹ̀tì.

Láti Jakarta tàbí Bali, ẹ wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Kupang, olú-ìlú ìpínlẹ̀ náà, tó wà ní erékùṣù Timor. Ọ̀nà méjì ló yà níbẹ̀. Ọkọ̀ òfuurufú kékeré máa ń gbéra láti Kupang lọ sí Lewoleba, ìlú tó tóbi jù ní Lembata. Èkejì ni pé kí ẹ gba Larantuka, ní ìpẹ̀kun ìlà-oòrùn Flores, kí ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi níbẹ̀, tí yóò gba ẹ̀gbẹ́ erékùṣù Adonara kọjá kó tó dé Lewoleba lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin. Èyí ni mo fara mọ́ jù, nítorí ojú omi yìí ni ìtàn àgbègbè náà wà: ní erékùṣù Solor tó wà nítòsí, àwọn àlùfáà ará Pọ́túgà kọ́ odi olókùúta ní 1566, ètò Ọ̀sẹ̀ Mímọ́ tí Larantuka ń ṣe títí dòní sì wá láti ọ̀dọ̀ àwọn Pọ́túgà. Bí ìrìn yín bá bọ́ sí àsìkò Àjíǹde, ẹ tètè wá ibùsùn, nítorí ìlú náà máa ń kún àkúnya.

Ẹ má fi ọjọ́ há ara yín mọ́ ọ̀nà yìí. Òkè oníná pọ̀ ní àgbègbè náà. Lewotolok, tó wà ní Lembata gan-an, bú gbàù ní oṣù Kọkànlá 2020. Ní oṣù Kẹrin ọdún tó tẹ̀ lé e, ìjì Seroja mú omíyalé àti ilẹ̀ tó ya wá sórí àwọn abúlé, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì kú. Ẹ fi ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àfikún.

Ní Lewoleba, ẹ gba owó rupiah tó tó yín lò, nítorí ẹ kò ní rí ẹ̀rọ tó ń pọ owó ní Lamalera. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ ọkọ̀ akẹ́rù onípákó tí ènìyàn, adìẹ àti àpò ìrẹsì jọ ń wọ̀ gba orí òkè kọjá lọ sí etíkun gúúsù. Ọ̀nà náà le, yóò sì gba wákàtí mélòó kan.

Bí ẹ bá ti dé, ẹ kí ènìyàn. Yorùbá kò ní rí èyí bí iṣẹ́, torí pé èdè Indonesia náà ń pín ìkíni sí àkókò bíi tiwa: selamat pagi ni ẹ káàárọ̀, selamat siang ni ẹ káàsán, selamat sore ni ẹ kúùrọ̀lẹ́, selamat malam ni ẹ káalẹ́. Ẹ pe àgbà ọkùnrin ní Bapa, kí ẹ pe àgbà obìnrin ní Mama. Láàrin ara wọn, èdè Lamaholot ni wọ́n ń sọ. Ẹ wọ̀ sí ilé onílé tó ń gba àlejò, ohun tí wọ́n bá sè ni kí ẹ jẹ.

Etíkun ni ọkàn abúlé. Àwọn ọkọ̀ wọn, tí wọ́n ń pè ní tena, tò sábẹ́ ahéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ìdílé kọ̀ọ̀kan ló sì ni tirẹ̀. Wọn kì í kan ìṣó mọ́ pákó rẹ̀. Èèkàn igi ni wọ́n fi ń so ó pọ̀, imọ̀ ọ̀pẹ tí a hun ni ìgbòkun rẹ̀. Bí ẹnì kan bá rí àbùùbùtán lókèèrè, yóò kígbe pé "Baleo!", igbe náà a máa lọ láti ẹnu dé ẹnu, olúkúlùkù a sì pa iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tì. Ẹ kúrò lọ́nà fún wọn. Irú èyí tó ní eyín, koteklema, ni wọ́n ń pa. Lamafa, ẹni tó mú ọ̀kọ̀ dání, yóò dúró sórí pèpéle ọparun níwájú ọkọ̀, yóò sì fò tòun ti ọ̀kọ̀ náà, kí ìwúwo ara rẹ̀ lè ti irin wọnú ẹja tó ju ọkọ̀ wọn lọ. Ìgbàgbọ́ wọn ni pé ìjà nínú ilé lè ba iṣẹ́ ojú òkun jẹ́, nítorí náà, ẹ má ṣe bá ẹnikẹ́ni fa ọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ọjọ́ Àìkú, wọn kì í lọ sókun.

Orúkọ tí àwa fún ẹja yìí, ohun tí a bù tí kò tán, bá ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà mu. Òfin ìdílé ló ń pín in, ẹni tó bá sì gba tirẹ̀ a tún bù nínú rẹ̀ fún opó àti ìbátan. Wọn a là á sí tẹ́ẹ́rẹ́, wọn a sá a sórí ọparun níwájú ilé, wọn a sì gbé àwo sábẹ́ rẹ̀ kí òróró tó ń kán má bàa ṣòfò.

Ọjọ́ Sátidé, ẹ bá àwọn ìyá lọ sí ọjà Wulandoni. Orí ni wọ́n ń fi ru ẹrù bíi tiwa. Àwọn ará orí òkè a gbé àgbàdo, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀gẹ́ wá. Kò sẹ́ni tí í bẹ̀rẹ̀ pàṣípààrọ̀ títí alábòójútó ọjà yóò fi fun fèrè. Nígbà náà ni ìyá kan yóò gbé ẹran gbígbẹ kan kalẹ̀, tí ẹnìkejì yóò máa ka ọ̀gẹ̀dẹ̀ síwájú rẹ̀, mẹ́fà mẹ́fà, láìsí owó láàrin wọn. Àárín ọjà yìí ni ẹ ó ti rí i dájú pé òkun ni oko wọn, nítorí ìkórè rẹ̀ ló ń ra oúnjẹ ilẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ mú nǹkan bọ̀, aṣọ ni kí ẹ rà, lọ́wọ́ ẹni tó hun ún. Òwú ni wọ́n ń dì tí wọ́n sì ń pa láró kí wọ́n tó hun ún, ní ìyàtọ̀ sí àdìrẹ wa, tó jẹ́ pé aṣọ tí a ti hun tán ni a ń dì. Ewé elú ló ń fún wọn ní àwọ̀ aró, gbòǹgbò igi kan tó bá orúwo wa tan ló ń fún wọn ní pupa, àwòrán ọkọ̀ àti ẹja sì wà lára rẹ̀. Àmọ́ bí wọ́n bá fi eyín koteklema lọ̀ yín, ẹ dá a padà pẹ̀lú ọ̀wọ̀: àdéhùn àgbáyé CITES ka òwò rẹ̀ láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn léèwọ̀, àwọn aṣọ́bodè yóò sì gbà á lọ́wọ́ yín.