Bí mo ṣe tún lẹ́jẹ́ǹdì báà ṣáàtì tò nínú matplotlib

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi matplotlib (irinṣẹ́ Python tí wọ́n fi ń ya ṣáàtì) ya báà tó gun orí ara wọn, ẹ wo eléyìí o. Mò ń ya iye àpò ọjà tí àǹtí mi ń tà ní Tákíé l'Ógbómọ̀ṣọ́ níbí, gàrí nísàlẹ̀, àgbàdo láàárín, èlùbọ́ lókè, àmọ́ lẹ́jẹ́ǹdì (àpótí kékeré tó ń sọ ọjà tí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan dúró fún) to tiẹ̀ sódì, gàrí ló fi ṣáájú, àǹtí mi wò ó títí, wọ́n ní "ṣé gàrí ló wà lókè yìí ni?"

Bá a bá ṣe pe ax.bar tẹ̀léra ni lẹ́jẹ́ǹdì ń tò ó wá sísàlẹ̀, báà ní tiẹ̀ ń ga lọ sókè ni. Ohun tó yanjú ẹ̀ rèé:

h, l = ax.get_legend_handles_labels()
ax.legend(h[::-1], l[::-1])

[::-1] ló ń yí i sódì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí h (àwọ̀) àti l (orúkọ) pọ̀ o, tó bá jẹ́ l nìkan lẹ yí, àwọ̀ gàrí á máa jẹ́ orúkọ èlùbọ́, ẹni tó ń wò ó ò sì ní mọ̀. Tó bá jẹ́ matplotlib 3.7 sókè lẹ ní, ax.legend(reverse=True) ti tó, òun ni mo fẹ́ràn jù. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó tò bó ṣe wù yín:

t = [1, 2, 0]
ax.legend([h[i] for i in t], [l[i] for i in t])

Láti 0 ni kíkà ti bẹ̀rẹ̀ (gàrí ni 0), torí náà àgbàdo á ṣáájú, èlùbọ́ á tẹ̀ lé e.